Bẹ́líìtì, Sukúrúù, Korobá àbí Róólà? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Kọ́nfẹ́yọ̀

Ẹni tó bá ń wá kọ́nfẹ́yọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó ẹrù láti ibì kan lọ sí ibòmíì, fún ilé-iṣẹ́, "Èló ni?" ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi olùtajà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó sinmi ná. Ẹrù tí ẹ fẹ́ kó ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ṣé ọkà ni, àbí símẹ́ǹtì, àbí páálí? Ṣé ó gbẹ, àbí ó tutù díẹ̀? Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀, báwo ló ṣe tó? Ṣé ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan? Ṣé ó máa ń fá irin? Ṣé ó gbóná? Ṣé ènìyàn máa jẹ ẹ́? Kí ẹ tó dáhùn àwọn ìbéèrè yìí tán, ẹ̀rọ tó pọ̀ ni yóò ti yọ ara wọn kúrò nínú ohun tí ẹ lè rà.

Nǹkan kejì ni pé ẹni tó ra ẹ̀rọ ti ra wàhálà rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí kọ́nfẹ́yọ̀ tí kì í bàjẹ́. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bàjẹ́ ló yàtọ̀ síra, àti bóyá ẹ ní ẹni tó lè tún un ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní ya ọ̀rọ̀ yíyàn kúrò lára ọ̀rọ̀ ìtọ́jú nínú ìfiwéra yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

Tọ́ọ̀nù nìkan kò tó

Ìwé olùtajà á sọ pé ẹ̀rọ kan ń kó tọ́ọ̀nù 200 ní wákàtí kan. Tọ́ọ̀nù kí ni? Bẹ́líìtì kò mọ tọ́ọ̀nù. Bí òkìtì tó wà lórí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó tó sì ga tó, àti bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń yára tó, ló mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní a gé òkìtì tó wà lórí bẹ́líìtì ní ìbú, tí ojú ibi tí a gé náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 0.05, tí bẹ́líìtì sì ń rin mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà kúbíìkì 270 ni yóò kọjá ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ àgbàdo gbígbẹ, tí mítà kúbíìkì kan rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 0.72, tọ́ọ̀nù 194 nìyẹn. Tó bá jẹ́ yanrìn, tí mítà kúbíìkì kan rẹ̀ tó nǹkan bíi 1.6, tọ́ọ̀nù 432 ni. Bẹ́líìtì kan náà ni, eré kan náà ló ń sá, àmọ́ ìwọ̀n ẹrù ti ju ìlọ́po méjì lọ. Mọ́tò iná àti róólà (ọ̀pá yíyí tó ń gbé bẹ́líìtì ró) tí wọ́n yàn fún àgbàdo kò ní pẹ́ lábẹ́ yanrìn. Nítorí náà, ẹ sọ fún olùtajà bí mítà kúbíìkì kan ẹrù yín ṣe wúwo tó, kí ẹ sì ní kó fi mítà kúbíìkì dá yín lóhùn.

Bẹ́líìtì àti sukúrúù

Ìfiwéra tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù nìyí, torí pé iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì lè ṣe pọ̀.

Bẹ́líìtì ló ń kó ẹrù púpọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú agbára díẹ̀. Láti ibi ìwakùsà Bou Craa ní Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà, bẹ́líìtì tó tẹ̀ léra wọn ń gbé fọ́sífeeti lọ sí etíkun Àtìláńtíìkì, ọ̀nà tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Sukúrúù kankan ò lè gbìyànjú irú rẹ̀. Orí bẹ́líìtì ni ẹrù jókòó sí, òun àti bẹ́líìtì jọ ń lọ ni, nítorí náà kì í fọ́, kì í sì í lọ̀. Òkúta ńlá, ọkà tí wọ́n fẹ́ gbìn, èédú, gbogbo rẹ̀ ló gbà.

Sukúrúù jẹ́ ọ̀pá irin tí abẹ irin wé mọ́ lára. Inú kòtò irin tàbí páìpù ló ti ń yí, ó sì ń ti ẹrù síwájú bó ṣe ń yí. Ẹrù ń ha ara irin ní gbogbo ọ̀nà. Ibẹ̀ ni agbára ń lọ, ibẹ̀ ni irin ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni ọkà ti ń fọ́. Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn ṣì ń rà á? Torí pé ó ní ìdérí. Ìyẹ̀fun, símẹ́ǹtì, èérú, ohunkóhun tó máa ń di eruku, kò ní fò jáde. Ẹ lè ṣí ẹnu mẹ́ta sí orí rẹ̀ kí ẹrù máa wọlé, kí ẹ sì ṣí méjì sí ìsàlẹ̀ kó máa jáde níbi tó bá wù yín. Ó lè po nǹkan pọ̀ bó ṣe ń gbé e lọ. Àyè tó sì ń gbà kéré: abẹ́ ẹ̀rọ míì, ibi tí bẹ́líìtì kò lè wọ̀, sukúrúù á wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń ra sukúrúù kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Wọn kì í jẹ́ kí ẹrù kún kòtò rẹ̀. Ẹrù tó fúyẹ́, tó ń ṣàn dáadáa, tí kì í fá irin, ìdá 45 nínú 100 àyè kòtò ni wọ́n ń ṣírò fún un. Èyí tó le díẹ̀, ìdá 30. Èyí tó wúwo tó sì ń fá irin gan-an, ìdá 15 péré. Bí olùtajà kan bá wá fi ìdá 45 ṣírò fún ẹrù yín tó ń fá irin, sukúrúù kékeré tí owó rẹ̀ dín díẹ̀ ló ń tà fún yín, ẹ̀yin lẹ máa san ìyókù nígbà tí abẹ rẹ̀ bá jẹ tán. Ilẹ̀ títẹ́jú ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá gbé e dagẹ̀rẹ̀ sókè bíi dígírì 20, ohun tó ń kó á ti dín kù gidigidi, bó sì ṣe ń ga sí i ló ń burú sí i.

Ní ti ìtọ́jú, wàhálà bẹ́líìtì hàn sí ìta: ó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń da ẹrù sílẹ̀, róólà ń pariwo. Ẹni tó bá rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á rí i. Wàhálà sukúrúù wà nínú. Bó bá gùn ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, wọ́n á fi béárìn kan rọ̀ sáàárín láti gbé ọ̀pá náà ró, àárín ẹrù gan-an ni béárìn yẹn sì wà, eruku ń jẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru. Òun ni mo máa kọ́kọ́ wò lára sukúrúù èyíkéyìí tó ń dún lọ́nà tí kò dún tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá wo àlàfo tó wà láàárín abẹ sukúrúù àti ìsàlẹ̀ kòtò. Ẹrù máa ń ṣẹ́kù sínú àlàfo yẹn. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, ó lè bà jẹ́ síbẹ̀, kòkòrò á sì wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ irúgbìn oríṣi méjì lẹ̀ ń kó lórí ẹ̀rọ kan, wọ́n á dà pọ̀. Ìdí pàtàkì nìyẹn tí mi ò fi ní fi sukúrúù kó irúgbìn gbíngbìn láé.

Èrò tèmi ni pé bí ọ̀nà bá kúrú, tí ẹrù jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, tí eruku sì jẹ́ ìṣòro, kí ẹ ra sukúrúù. Bí ọ̀nà bá gùn, tí ẹrù bá ní òkúta nínú, tàbí tí kò gbọ́dọ̀ fọ́, bẹ́líìtì ni. Ẹrù tó ní okùn tàbí pòròpórò nínú kò dára fún sukúrúù tó ní béárìn láàárín. Yóò wé mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì dúró.

Tó bá jẹ́ òkè lẹrù ń lọ

Bẹ́líìtì tí ojú rẹ̀ dán lè gbé ọ̀pọ̀ ẹrù gun òkè tó tó dígírì 18 tàbí súnmọ́ 20. Ọkà tó ń yọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ní ìgbòsókè onírí V lójú, ó lè tó dígírì 30. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lórí ilẹ̀: láti gbé ẹrù ga ní mítà 10 ní dígírì 18, ẹ nílò ilẹ̀ tó gùn tó nǹkan bíi mítà 31. Ilé-iṣẹ́ mélòó ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rọ oníkorobá ló ń yanjú ìyẹn. Korobá kéékèèké tí wọ́n so mọ́ bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ń bu ẹrù nísàlẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ sókè tààrà, wọ́n sì ń dà á sí ẹnu ọ̀nà lókè. Àyè tó ń gbà nílẹ̀ kò tó nǹkan. Oríṣi méjì ni kí ẹ mọ̀. Ọ̀kan ń sáré, eré yẹn ló fi ń ju ẹrù jáde nígbà tí korobá bá yí lórí púlì òkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀. Ọkà àti ohun tó ń ṣàn ló wà fún. Bí eré rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ẹrù kò ní fò dé ẹnu ọ̀nà, á já padà wálẹ̀. Èkejì rọra ń lọ, korobá rẹ̀ tò mọ́ra wọn, ẹ̀yìn korobá tó ṣáájú ni èyí tó tẹ̀ lé e ń dà á gbà. Òun ló yẹ fún ẹrù tó tètè ń fọ́ àti èyí tó ń fá irin.

Ewu ẹ̀rọ oníkorobá ju ti bẹ́líìtì gbalasa lọ, mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Inú àpótí irin tó dé pa ni eruku ọkà ti ń gbá yìì. Bí bẹ́líìtì inú rẹ̀ bá sún tó ń ha ara àpótí, tàbí tí béárìn kan gbóná pupa, iná lè bọ́ sínú eruku yẹn, ìbúgbàù ló sì máa jẹ́. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ra ẹ̀rọ oníkorobá fún ọkà tàbí ìyẹ̀fun láìsí nǹkan mẹ́ta tó ń ṣọ́ ọ: èyí tó ń mọ̀ bí bẹ́líìtì bá sún, èyí tó ń mọ̀ bí eré rẹ̀ bá dín kù, àti èyí tó ń wọn ìgbóná béárìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè pa ẹ̀rọ fúnra wọn, kì í ṣe kí wọ́n kàn tan iná pupa. Kí ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ibi tí ẹrù ń gbà wọlé, kí nọ́ọ̀tì tó já bọ́ má bàa wọlé kó máa ṣá iná. Ẹ tún béèrè ohun tí kì í jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn. Bí iná mànàmáná bá lọ nígbà tí korobá apá kan kún tí apá kejì ṣófo, ìwúwo yẹn á fà á padà, gbogbo ẹrù á sì dà jọ sí ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó dí yẹn lẹ máa fi ṣọ́bìrì kó kí ẹ̀rọ tó lè ṣiṣẹ́.

Atẹ́gùn inú páìpù

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹrù gba inú páìpù kọjá. Ó lè yí igun ilé, kó gun òkè, kó gba orí ẹ̀rọ míì kọjá, kò sì ní jẹ́ kí eruku jáde. Àmọ́ agbára iná tó ń jẹ fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti bẹ́líìtì lọ. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ ju ẹrù lọ nínú páìpù, ẹrù ń sáré tó bíi mítà 15 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gbá ara rẹ̀ mọ́ gbogbo ìgbọ̀nwọ́ páìpù. Ìgbọ̀nwọ́ ló máa kọ́kọ́ lu, nítorí náà kí ẹ ní èyí tí ẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Oríṣi tó ń fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti ẹrù púpọ̀ rọra ń lọ, kì í tètè fọ́ ẹrù, àmọ́ owó rẹ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé gbogbo páìpù ní wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀, torí eruku tó ń sáré máa ń kó iná mànàmáná jọ sára. Ohun tó tutù tàbí tó ń lẹ̀, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Páálí, àpò àti pálẹ́ẹ̀tì

Fún páálí tó le nídìí, róólà dára, ó sì rọrùn. Òfin kan ló ṣe pàtàkì jù: róólà mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹrù nígbà gbogbo. Páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 kò gbọ́dọ̀ rí àlàfo tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ láti àárín róólà kan sí òmíì. Páálí tó kéré jù ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe èyí tó tóbi jù. Àpò tó rọ̀ á rì sáàárín róólà, bẹ́líìtì ni kí ẹ gbé e lé.

Róólà dídagẹ̀rẹ̀ tí kò ní mọ́tò iná kò ń jẹ iná rárá, àmọ́ páálí tó fúyẹ́ á dúró sójú ọ̀nà, èyí tó wúwo á sì sáré lọ gbá a. Bí ìwọ̀n ẹrù yín kò bá dọ́gba, èyí tó ní mọ́tò iná ló yẹ yín. Pálẹ́ẹ̀tì tó wúwo, ṣéènì ni. Níbi tí wọ́n ti ń fi omi fọ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, bẹ́líìtì oníke tí wọ́n to ní ẹyọ-ẹyọ ló dára jù, torí bí ẹyọ kan bá ṣẹ́, ẹyọ yẹn nìkan lẹ máa yọ.

Bí ẹ bá ti yan bẹ́líìtì

Lára bẹ́líìtì rọ́bà, ẹ lè rí nǹkan bíi EP 400/3. EP ni irú aṣọ tó wà nínú rẹ̀, 400 ni agbára tó lè fi fa kó tó já, ìyẹn niútọ̀nù 400 fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan ìbú rẹ̀, 3 sì ni iye ìpele aṣọ. Wọn kì í lò ó dé ibẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n sábà ń jẹ́ kí bẹ́líìtì aṣọ fi fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ní okùn irin nínú wà fún ọ̀nà tó gùn gan-an. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ kò ju mítà díẹ̀ lọ kò nílò rẹ̀.

Ẹ má ra èyí tó nípọn jù nítorí pé ó dà bíi pé ó máa pẹ́. Bẹ́líìtì tó nípọn ń fẹ́ púlì ńlá. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ púlì kékeré, ìpele aṣọ inú rẹ̀ á máa ya kúrò lára ara wọn ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Bí ẹrù yín bá ní òróró nínú, ẹ béèrè rọ́bà tí òróró kì í jẹ, torí rọ́bà lásán á wú.

Ojú àsopọ̀ ńkọ́? Irin ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi bóòtù dè tàbí tí wọ́n ń gbá mọ́ ọn, wọ́n lè fi sí i láàárín wákàtí díẹ̀, ẹni tó bá mọwọ́ iṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ yín náà lè ṣe é. Àmọ́ kò lágbára tó bẹ́líìtì fúnra rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ń gba àárín rẹ̀ jò, ó sì ń gbá sikirépà. Ojú àsopọ̀ tí wọ́n fi iná jó pọ̀ ń dán, ó sì ń pẹ́, àmọ́ ó ń gba ẹ̀rọ pàtàkì, ó ń gba àkókò, ó sì ń gé nínú gígùn bẹ́líìtì. Èmi á jó èyí tí kì í kúrò lójú iṣẹ́, tí ọjọ́ ìdádúró rẹ̀ sì ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Màá sì tọ́jú irin ìsopọ̀ sínú yàrá irinṣẹ́ fún ọjọ́ tó bá já lójijì.

Ohun tí ojú àti etí gbọ́dọ̀ mọ̀

Sikirépà, ìyẹn abẹ tó ń fá ẹrù tó lẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì lẹ́yìn tó bá dà á tán, ló kéré jù lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ wàhálà. Bí abẹ rẹ̀ bá ti jẹ, ẹrù á máa tẹ̀ lé bẹ́líìtì padà lọ sísàlẹ̀. Á lẹ̀ mọ́ róólà ìpadàbọ̀, ara róólà á máa wú níbì kan ju ibòmíì lọ, bẹ́líìtì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á máa fa bẹ́líìtì síwá sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó jẹ́ pé abẹ kékeré ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Bí bẹ́líìtì bá ń sún, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ ibì kan náà lára bẹ́líìtì ló ń sún níbikíbi tó bá dé, bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ ló ní ìṣòro, bóyá wọ́n so ó wọ́. Tó bá jẹ́ ibì kan náà lára ẹ̀rọ ni gbogbo bẹ́líìtì ti ń sún, róólà tàbí irin ibẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń sún, ẹ lọ wo ibi tí ẹrù ń já sí, kì í ṣe àárín bẹ́líìtì ló ń já sí. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: ìpẹ̀kun róólà tí bẹ́líìtì bá kọ́kọ́ kàn ló máa sún sí. Nítorí náà róólà tó ṣáájú ibi tó ti ń sún lẹ máa ṣàtúnṣe, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì yí dáadáa kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Bí bẹ́líìtì bá ń yọ̀ lórí púlì, ẹ má sáré lọ fà á le. Ẹ wo rọ́bà tó bo púlì, bóyá ó ti pá. Fífà á le jù ń pa béárìn, ó sì ń já ojú àsopọ̀. Róólà tí kò yí mọ́, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ lórí rẹ̀ á fá a títí tí ẹnu rẹ̀ á fi mú bí abẹ, ìgbóná rẹ̀ sì lè dá iná sílẹ̀.

Ní ti ṣéènì, ojú nìkan kò tó láti mọ̀ bóyá ó ti jẹ. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n nígbà tó bá le. Ṣéènì tí láti pínnì dé pínnì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25.4, ẹyọ mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 254 nígbà tó wà ní tuntun. Bó bá ti dé bíi 261 sí 262, ó ti gùn sí i ní ìdá 3 nínú 100, àkókò rẹ̀ ti tó. Kí ẹ wo eyín kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ kò ní pẹ́.

Gírísì àti ọ́ìlì, àpọ̀jù wọn burú bíi àìtó. Béárìn tí gírísì kún jù á gbóná, á sì fọ́ rọ́bà tó dí i. Gíábọ́ọ̀sì tí ọ́ìlì ti kọjá àmì náà á gbóná.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án

Bẹ́líìtì tó ń rin mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ti fa ọwọ́ wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ nínú ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́ pé kó padà. Kò sẹ́ni tó yára tó o. Àárín bẹ́líìtì àti púlì ló ń mú èèyàn jù, ìgbà tí wọ́n bá sì ń gbá ìdọ̀tí tàbí tí wọ́n ń yọ ohun tó há nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Nítorí náà, kí ẹ pa iná láti súìṣì ńlá, kí olúkúlùkù tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ láti mọ̀ pé kò ní ṣí. Pípa iná nìkan kò tó lórí bẹ́líìtì tó ń gun òkè tàbí èyí tí ìwúwo ńlá ń fà le. Ẹ gbọ́dọ̀ dè wọ́n mọ́lẹ̀, torí agbára ṣì wà nínú wọn. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ méjì wéra, tí ọ̀kan ní ìdérí gbogbo ibi tó lè mú ọwọ́ àti okùn ìdádúró ní gbogbo gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí èkejì kò ní, tí owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ dín, kò sí ìfiwéra níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé ẹrù yín gan-an lọ fún olùtajà, bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó tutù jù, kó fi dán ẹ̀rọ wò lójú yín. Yanrìn gbígbẹ inú yàrá ìfihàn kò lè sọ ohun tí yanrìn yín tó tutù máa ṣe. Ẹ gba àwòrán ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà gbogbo béárìn, àti orúkọ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì. Ẹ ní kí róólà mélòó kan, abẹ sikirépà, irin ìsopọ̀ àti bẹ́líìtì tó gùn díẹ̀ bá ẹ̀rọ náà wá nínú owó kan náà. Bí olùtajà kò bá lè sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí béárìn náà lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹ lọ bá ẹlòmíì.